Irinwó Ìgbésẹ̀ sí Ìdí Òpó Iná

Dígí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara le? Ṣé ojú tí ò ń gbé sẹ́yìn dígí nípọnnípọn yẹn ṣì ń ríran? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ó má bá yín nídìí àìsàn, kí ó má sì bá yín nídìí ẹjọ́. Ní tèmi, ara mi le. Mo ń jẹun, mo ń sùn díẹ̀díẹ̀, eyín tó ń dùn mí lọ́dún tó kọjá sì ti dákẹ́. Ẹni tó bá pàdé mi lójú pópó á ní nǹkan kan ò ṣe mí.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ilé-ìwé yín ń wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, o sì ti fi orúkọ mi síwájú àwọn ọ̀gá yín. O ní o sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ohun tí ojú ń rí ṣàlàyé ohun tí ojú ò rí bíi Ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta, mo ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Má bínú pé èsì pẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Ìgbàgbé tí mo ṣe, ẹlòmíràn ni mo ṣe é sí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ rò fún ọ.

Ṣé o rántí ìjà tí a jà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní átọ́ọ̀mù? Olùkọ́ wa ya àmì róbótó kan sójú pátákó, ó ní kókó inú átọ́ọ̀mù nìyí. Ó ya òmíràn tó ń yí i po, ó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyẹn. Ó ní bí oòrùn ṣe wà láàárín tí ayé àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ń yí i ká, bẹ́ẹ̀ náà ni átọ́ọ̀mù rí. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ọ̀sán ò wọlé. Mo ní wò ó, ohun tó tóbi jù àti ohun tó kéré jù, irú ilé kan náà ni Ọlọ́run kọ́ fún wọn. Ìwọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ, o bọ́ dígí ojú rẹ, o nù ún, o ní: "Ṣọ́ọ̀kì, àkàbà ni àfiwé. Ẹni tó fi àkàbà gun òrùlé kì í sùn sórí àkàbà. Lọ́jọ́ tí o bá sọ fún ọmọdé pé nǹkan méjì jọra, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sọ ibi tí wọn ò ti jọra." Mo ní ìwọ lo máa ń ba ayọ̀ jẹ́, mo sì pè ọ́ ní bàbá arúgbó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Dígí, o jàre mi.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, bákan náà ni mo sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Bọ́ọ̀lù tẹnìs orí tábìlì ni oòrùn mi. Màá dúró létí pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, màá gbé e sókè, màá sì yan ọmọ mẹ́jọ ní pílánẹ́ẹ̀tì. Màá fi páálí kọ́ wọn lọ́rùn, orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wà lára páálí tirẹ̀. Ayé á lọ dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí mi. Èyí tó jìnnà jù á rin àádọ́sàn-án ìgbésẹ̀, títí dé ìdí ògiri lẹ́yìn pápá. Àwọn ọmọ á máa pariwo, torí wọ́n ti rò pé oòrùn àti ayé sún mọ́ra bí ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni màá yọ hóró ẹ̀wà kan lápò. Màá ní kókó inú átọ́ọ̀mù nìyí o, níbo ni ẹ rò pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ máa wà? Ọ̀kan á ní ìgbésẹ̀ méjì, ọ̀kan á ní mẹ́wàá, ẹni tó bá láyà á ní ogún. Màá ní irinwó. Pápá ò gbà á. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní géètì, kó sọdá títì, kó dé ìdí òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Gbogbo ohun tó wà láàárín hóró ẹ̀wà yìí àti òpó yẹn, òfìfo ni. Kíláàsì máa ń dákẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn ìdákẹ́ náà ju owó oṣù mi lọ.

Látẹ̀yìnwá, ìka ni mo kàn máa ń nà sí òpó náà. Lọ́dún yìí, ọmọ kan ní òun ò gbà, àfi kí òun fojú rí i. Orí mi wú. Mo ní ó dáa, a ó fi ènìyàn ṣe é. Mo bá yan Jẹ́jẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Jẹ́jẹ́, ọmọ aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, torí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun méjì ló jẹ́ kí n yàn án: òun ló kéré jù, òun ló sì gbọ́ràn jù. Ó béèrè páálí tirẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní: "Ìwọ yìí, o ti kéré ju ohun tí wọ́n ń kọ́ orúkọ mọ́ lọ́rùn." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un sọdá títì fúnra mi, mo fi í sídìí òpó, mo ní: "Má kúrò níbí o, títí màá fi pè ọ́." Ó ní: "Ó dáa, sà."

Mo padà, mo gbé hóró ẹ̀wà sókè, gbogbo wọn sì na ọrùn gba ojú géètì wò ó. Ó ti kéré bí kòkòrò. Wọ́n dákẹ́. Dígí, ìdákẹ́ yẹn dùn ju ti gbogbo ọdún lọ. Ẹnu ìyẹn la wà tí òjò fi dé, òjò olómi ńlá tí kì í kìlọ̀, aago ìparí ẹ̀kọ́ sì lù lákòókò kan náà. Mo pariwo pé: "Ẹ sáré wọlé o!" Wọ́n sáré, wọ́n ń da páálí lé mi lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ka páálí. Ó pé mẹ́jọ. Mo ní ọpẹ́ ni, gbogbo wọn ti dé. Ẹni tí mi ò fún ní páálí, kò sí nínú ohun tí mo kà.

Mo tún rí àpò ìwé rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mo lọ ti fèrèsé kíláàsì. Mo ní háà, Jẹ́jẹ́ tí kì í gbàgbé nǹkan, ó gbàgbé àpò. Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí omi má baà kán sí i. Mo wá lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, mo po tíì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàmì sí iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo rántí pé mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń la pákó ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Kò sí ẹlòmíràn tó bi í. Ó ní àwọn rí ọmọ náà nídìí òpó, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn juwọ́ sí i pé kó wá sábẹ́ páànù, ó mi orí, ó ń nawọ́ sí ilé-ìwé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó sún ìgbésẹ̀ márùn-ún péré, ó lọ fara ti òkìtì pákó kan tí wọ́n fi tapólì bò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ wá já igi yọ̀ lórí títì, ó fi ìdí gbá òkìtì náà, pákó sì wó lé e lórí. Nǹkan kan ò ṣe òpó iná. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, kò ní àpá kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí. Èèyàn dáadáa ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á fún ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí: "Tísà, ṣé ẹ pè é?" Mo ní: "Mo pè é, mà." Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ pe gbogbo wọn wọlé, ọmọ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ ìpè. Mo bu ọwọ́ lù ú. Bíírò pupa tí mo fi ń ṣàmì ló wà lọ́wọ́ mi, ó ní pupa ò dáa nínú ìwé ìjọba, kí n fi búlúù ṣe é. Mo tún fi búlúù bu ọwọ́ lu irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Eegun ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ ló kán. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín máṣíìnì ìránṣọ àti ògiri, torí òun nìkan ló ń tọ́ ọ, kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo ń sọ lójú ọ̀nà pé òní ni màá sọ ọ́. Ìyá á gbé àga fún mi, á ní: "Tísà, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí wa." Á wá kọjú sí ọmọ: "Ṣé o rí tísà tó fẹ́ràn rẹ tó báyìí? Òun ló pè ọ́ tí o ò jẹ́. Ìgbọràn sàn ju ẹbọ lọ o." Èmi á tẹ orí ba, bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Ọmọ náà kò bá a jiyàn rárá. Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ wà níta, ó ní: "Sà, ẹ má bínú. Mo kúrò nídìí òpó. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti gbọ́ yín." Ó ti gbà pé mo pè é, torí àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní: "Má ronú nípa ìyẹn." Irú èsì wo nìyẹn, Dígí? Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ, mo sì gbé e mì.

Ó máa ń to bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ sórí aṣọ ìbora. Bọ́tìnnì kóòtù ni oòrùn, ti ṣẹ́ẹ̀tì ni àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó ní: "Sà, ẹ ní lọ́jọ́ kejì lẹ máa sọ ibi tí átọ́ọ̀mù àti oòrùn ò ti jọra." Òtítọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ kí òjò tó dé. Mo bá kọ́ ọ níbẹ̀. Mo ní oòrùn ń fa pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ra, pílánẹ́ẹ̀tì sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí kì í ṣì. Ẹni tó mọ ìṣirò lè sọ ibi tí ayé máa wà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí òní. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ojú ọ̀nà kankan. Kì í dúró lójú kan, a ò lè sọ ju ibi tó ṣeé ṣe kí a ti rí i lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi àfiwé yẹn sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àwa olùkọ́ la ṣì ń gbé e kiri torí ó rọrùn láti yà sójú pátákó. Mo ní ẹni tó bá nàka sí ìdí òpó kan, tó ní ibẹ̀ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dúró sí, irọ́ ló pa.

Ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì kékeré kan. Ó wá ní: "Kò sí ẹni tó lè bá a wí nìyẹn, pé ó kúrò níbi tí wọ́n fi í sí." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ń béèrè, Dígí. Kò sí ọmọ tí mo kọ́ rí tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì wọlé wá mú sísọ́ọ̀sì, mo dìde, mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí nílé. Òtútù wọ̀ ọ́ láyà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kọkànlá pé, ó kú.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ń tú ojú rírán lára aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà. N kò jókòó. Mo ní: "Mi ò pè é. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀." Mo ti múra sílẹ̀ de igbe, mo ti múra sílẹ̀ de èébú, mo tilẹ̀ ti múra sílẹ̀ de sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó ní: "Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi bá a wí. Bí mo bá ti ń yí i padà lórí ibùsùn láàárọ̀, màá ní ṣé o rí ara rẹ, ìpè kan péré. Á ní, ẹ má bínú, mọ́mì." Ó ká aṣọ náà, ó gbé e sórí máṣíìnì. Ó ní: "Ẹ wá fi ibẹ̀ hàn mí."

Ọjọ́ Sátidé ni, pápá ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń la pákó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí n ka ìgbésẹ̀ náà sókè, mo sì ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí a fi jáde ní géètì, títí a fi sọdá, títí mo fi ka irinwó. Ó gbé ọwọ́ lé òpó. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní: "Ẹ padà síbi tí ẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pè é, bí ẹ ṣe máa pè é ká ní ẹ rántí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo padà sétí pápá. Mo pè é. Mo ní: "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́ o! Ó ti tó, máa bọ̀!" Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí fèrè, mo pè é títí ọ̀fun mi fi ń ta mí. Mo ń rí ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kékeré, ó dúró gbọin nídìí òpó, kò mira. Nígbà tí ohùn mi há pátápátá, mo tún rin irinwó ìgbésẹ̀ náà lọ bá a. Ayùn ńlá àwọn tó ń la pákó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bó ṣe ń ké lójoojúmọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń nàka sí òpó yẹn. Ó wò mí lójú. Ó ní: "Tísà, kí lẹ wá ń dúró dè? Ṣé ẹ ò ní pè é ni?"

Ó rí ojú mi, ó sì yé e. Ó jókòó sílẹ̀ nídìí òpó náà. Ká ní mo rántí rẹ̀, ká ní mo pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ariwo ayùn ò ní jẹ́ kó gbọ́, ọmọ yẹn ì bá dúró síbẹ̀ náà ni. Ìlérí tí kò ṣeé mú ṣẹ ni mo fi fi í síbẹ̀, n kò sì dán an wò rí.

Mo ti lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé kó tún ìwé náà kọ. Ó ní fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ òun, kí n lọ sinmi. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò bá mi jà. Ó kàn máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bí ó bá rí mi lókèèrè, mo sì ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, wá ẹlòmíràn fi sí iṣẹ́ tí o wá fún mi. Má ṣe wá síbí láti tù mí nínú. Ohun tí o máa sọ, mo ti sọ ọ́ fún ara mi, kò ran nǹkan kan.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ rẹ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹkún fún ọ. Ibi tí o bá rán ọmọ lọ, kó lọ re, kó bọ̀ re, kí o sì rántí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó máa yẹ ọ́, àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà,

Ṣọ́ọ̀kì

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mo kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì, ibi tí wọn ò ti jọra, sẹ́yìn ìwé yìí. Bá mi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Inú kíláàsì ni kí o ti ṣe é, kí o sì fún gbogbo wọn ní páálí, títí kan èyí tó kéré jù.